Ẹ̀kọ Tí Ó Dì àti Ẹ̀kọ Tí Ó Ṣàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí ń kọ́ iṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn wá kí wa ní ọjọ́ kan. Bí a ti gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ ka iwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín. A bi í léèrè ohun tí ó pa á lẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn pé, "Bàbá, irú ẹ̀kọ báyìí ni àwa náà ń sè níbi iṣẹ́ wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ènìyàn ni à ń sè é fún. Kòkòrò àrùn ni à ń fi í bọ́." Ẹnu yà wá púpọ̀. Ó wá ṣàlàyé fún wa pé láti ara koríko inú òkun ni a ti ń mú ohun náà jáde, pé agar ni orúkọ rẹ̀, pé bí a bá sè é nínú omi tí a sì dà á sínú àwo pẹrẹsẹ, yóò dì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ ti í dì nínú ewé, a ó sì gbin kòkòrò àrùn sí orí rẹ̀ kí a lè mọ irú èyí tí ń bá aláìsàn jà. Ó fi kún un pé bí ẹni tí ó ṣe agar náà kò bá ṣe é bí ó ti yẹ, kì yóò dì, iṣẹ́ ọjọ́ náà yóò sì bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni ó mú wa dìde. Nítorí irú ẹ̀dùn yìí gan-an ni a ti ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹlẹ́kọ ní Ìkirè àti ní Apòmù láti ìgbà tí a ti ní etí tí a fi ń gbọ́ràn.

Ẹni tí ó bá ń ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ mọ Ìkirè dáadáa. Apòmù sì wà nítòsí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ta ọjà ní ọ̀kan lówùúrọ̀ lè jẹun alẹ́ ní èkejì. Lónìí, lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1991, Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́wọlé, Apòmù sì ni ti Ìsọ̀kan. Ọjà Apòmù ti pẹ́. Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Òwu ti ń pàdé níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni jíjí ènìyàn gbé ti dá ìjà sílẹ̀ tí ó di ogun Òwu. Ní ti Ìkirè, àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ ọ́n fún dòdò rẹ̀, èyí tí a ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ó ti pọ́n jù, ata àti iyọ̀ ṣe. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyá ilé mìíràn ìbá dà nù ni àwọn ìyá Ìkirè fi sọ ìlú wọn di olókìkí. A mẹ́nu kàn án kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a fi ṣe oúnjẹ nìkan ni oúnjẹ í jẹ́, bí kò ṣe bí a ti ṣe é pẹ̀lú.

A kò wá láti kọ́ ìyá ilé ní ìdáná. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn ìyá wa ń ṣe láìbéèrè ìdí rẹ̀ ni ó ní ìdí, ó sì dára kí àwọn ọmọbìnrin wa tí wọ́n ka ìwé mọ ìdí náà, kí wọn má baà kẹ́gàn rẹ̀ kí wọn sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Rírẹ àgbàdo ni ìpìlẹ̀. Ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn àgbà ń rẹ ẹ́, títí omi rẹ̀ yóò fi máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí yóò sì máa kan. Àwọn ẹ̀dá tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ti wà lára àgbàdo, ni wọ́n ń sọ omi náà di kíkan, kíkan yìí ni kì í sì í jẹ́ kí àwọn kòkòrò búburú rí àyè níbẹ̀. Nígbà kan náà ni hóró àgbàdo ń rọ̀, tí èèpo rẹ̀ sì ń tú kúrò lára ẹran inú rẹ̀. Àwọn kan wà nísinsìnyí tí ìwàǹwára kò jẹ́ kí wọn dúró. Wọn a da omi gbígbóná sí àgbàdo gbígbẹ ní alẹ́, wọn a sì gbé e lọ sí ibi ẹ̀rọ ní òwúrọ̀. Àgbàdo bẹ́ẹ̀ kò tíì gbọ́ràn. Ẹ̀rọ yóò fọ́ èèpo rẹ̀ mọ́ ẹran rẹ̀. Wẹ́wẹ́ rẹ̀ yóò gba inú asẹ́ kọjá, ògì yóò sì dúdú. Èyí tí ó nípọn yóò sì bá èérí lọ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹran rere lára rẹ̀. Ìyá àgbà ẹlẹ́kọ kan ní Apòmù sọ fún wa pé bí òun bá ti ti ọwọ́ bọ inú ìkòkò tí òun sì fi èékánná tẹ hóró kan, òun ti mọ iye ẹ̀kọ tí òun yóò rí níbẹ̀. A kò jiyàn.

Lẹ́yìn lílọ̀ ni sísẹ́, lẹ́yìn sísẹ́ ni kí ògì sílẹ̀ kí a sì máa pààrọ̀ omi orí rẹ̀. Èyí kò gba àlàyé púpọ̀. Orí iná ni ọ̀ràn wà.

Bí a bá fi ẹ̀rọ ìmúǹkantóbi wo ògì, a ó rí i pé hóró kéékèèké tí a kò lè kà ni, èyí tí a ń pè ní sítáàṣì. Nínú omi tútù, hóró wọ̀nyí kàn jókòó sílẹ̀ bí iyanrìn. Ṣùgbọ́n bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n 62 sí 72 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí mu omi, wọn a wú, àwọn ohun tí ó dàbí okùn tín-ín-rín yóò sì máa tú jáde láti inú wọn. Irú okùn méjì ni: ọ̀kan gùn gbọọrọ, èkejì ní ẹ̀ka bí igi. Nínú 100 ìwọ̀n sítáàṣì àgbàdo tí àwa ń jẹ, nǹkan bí 25 jẹ́ okùn gbọọrọ. Àwọn okùn gbọọrọ yìí ni wọ́n ń mú ẹ̀kọ dì. Bí ẹ̀kọ ti ń tutù, wọn a di ara wọn mú lọ́tùn-ún lósì, gẹ́gẹ́ bí ẹni hun àwọ̀n, wọn a sì há omi mọ́ àárín. Ẹ kò ha ti rí i pé ẹ̀kọ tí a bù lórí iná ń ṣàn, ṣùgbọ́n bí ó bá ti tutù nínú ewé, ó di ohun tí a lè fi ọwọ́ mú? Ẹ̀gẹ́ ní okùn gbọọrọ tí ó kéré sí ti àgbàdo, nǹkan bí 17 nínú 100. Nítorí náà ni sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tí a sè fi ń fà bí oje, tí kì í sì í dì gírígírí bí ẹ̀kọ. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn mọ ìlò ìyẹn. Láfún ni wọ́n ń sè pẹ̀lú álọ́ọ̀mù láti fi ya àwòrán sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀, síbẹ̀ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni wọ́n ń pè é.

Láti inú èyí ni a ti mọ ìdí tí ẹ̀kọ kan fi ń dì tí òmíràn kì í dì. Bí iná kò bá tó, okùn kò ní tú jáde. Ẹ̀kọ náà yóò funfun lójú bí ẹfun, yóò sì máa rùn bí ògì tútù. Bí omi bá pọ̀ jù, okùn yóò jìnnà sí ara wọn. Bí a bá sè é jinná tán, tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí dì, tí a tún fi orógùn rò ó kíkankíkan, a ti já àwọ̀n náà. Bí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i tí a sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná, kíkan yìí pẹ̀lú iná yóò gé okùn wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Àwọn tí wọ́n ń sá ògì láti tà á ní gbígbẹ ní láti ṣọ́ra pẹ̀lú: bí a bá fi iná líle gbẹ ògì tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ó ti jinná kí ó tó gbẹ, bí a bá sì gbé e ka iná nígbà tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, kókó ni yóò máa ṣù.

Àwa fúnra wa ti jẹ nínú ìyà ọ̀ràn yìí. Ní ọdún kan, nígbà ìkórè, àlejò tí a kò retí wọ ilé wa, àwọn ará ilé wa sì fi ìkánjú ṣe ẹ̀kọ. Àgbàdo kò rẹ̀ ju òru ọjọ́ kan lọ, igi tí a fi dáná sì tutù. A kó ẹ̀kọ síwájú àwọn àlejò. Ẹni tí ó jẹ́ àgbà nínú wọn tú ewé àkọ́kọ́, ẹ̀kọ sì ṣàn gba àárín ìka rẹ̀ dé orí agbádá funfun. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ẹnìkan nínú wọn sọ ní jẹ́jẹ́ pé bóyá kí a wá ṣíbí. Títí di òní, bí a bá fẹ́ bínú ní ilé wa nípa iṣẹ́ tí a fi ìwàǹwára ṣe, "ẹ̀kọ ìkórè" ni a ń pè é.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí koríko òkun. Ìtàn àwọn ará Japan sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1658, olùtọ́jú ilé àlejò kan tí a ń pè ní Mino Tarozaemon, ní Fushimi nítòsí Kyoto, da ìyókù irú ẹ̀kọ òkun kan tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ síta ní alẹ́ ìgbà òtútù. Ó dì bí yìnyín ní òru; nígbà tí oòrùn mú, omi rẹ̀ ṣàn lọ, ohun tí ó kù sì gbẹ, ó fúyẹ́ bí òwú. Ó tún un sè, ó sì rí i pé ó ń dì dáradára, pé ó mọ́ ju ti ìṣáájú lọ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti lóye: òtútù fún okùn inú rẹ̀ pọ̀, omi sì jáde pẹ̀lú àwọ̀ àti ẹ̀gbin. Ẹ̀yin náà ti rí ohun tí ó jọ èyí lára ẹ̀kọ àná tí ó sun omi sínú ewé tí ó sì le. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù lára ẹ̀kọ wa ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà ìfọ̀mọ́ lọ́dọ̀ wọn.

Obìnrin ni ó mú ohun náà dé ilé iṣẹ́ àwọn oníṣègùn. Ní ọdún 1881, Walther Hesse ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Robert Koch ní Jámánì. Ohun dídì tí wọ́n ń lò nígbà náà ni èyí tí a ń rí lára awọ àti egungun ẹran, gẹ́gẹ́ bí omi ẹsẹ̀ màlúù ti í dì ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ṣùgbọ́n kí ooru rẹ̀ tó dé ti ara ènìyàn, ìwọ̀n 37, ó ti yọ́. Àwọn kòkòrò mìíràn sì ń jẹ ẹ́ di omi. Ìyàwó Hesse, Fanny, ni ó sọ fún un pé kí ó lo agar tí òun fi ń ṣe oúnjẹ aládùn ní ilé ìdáná, èyí tí ó kọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò tí ó ti gbé ní Java rí. Agar kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 85, bí ó bá sì yọ́, kì í dì títí yóò fi tutù dé nǹkan bí 40 tàbí kí ó dín. Koch mẹ́nu kàn án nínú ìwé tí ó kọ ní 1882 nípa kòkòrò ikọ́ ife. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí fún obìnrin náà ní ìyìn tí ó tọ́ sí i, èyí kò sì yà wá lẹ́nu rárá.

Ní ti bí a ti ń ṣe agar, òfin ẹ̀kọ ni òfin rẹ̀. Koríko òkun kan wà tí a ń pè ní Gracilaria. Bí a bá kàn sè é lásán, ohun tí ó jáde kì í lágbára. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́kọ́ fi omi sódà líle gbóná sè é, sódà yóò yọ ohun tí ó jẹ mọ́ imí-ọjọ́ kúrò lára okùn inú rẹ̀, okùn náà yóò tọ́, agar yóò sì dì gírígírí. Bí sódà bá pọ̀ jù, tàbí tí a pẹ́ jù lórí rẹ̀, a ó pàdánù púpọ̀ nínú agar náà. Bí a bá sì fi kíkan fọ̀ ọ́ ju bí ó ti yẹ lọ tàbí tí a fi oògùn ìfọṣọfunfun bó o jù, okùn yóò gé, ẹwà rẹ̀ yóò wà, agbára rẹ̀ yóò lọ. Àní kí ó tó dé ilé iṣẹ́ ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Ní Zanzibar, níbi tí wọ́n ti ń gbin irú koríko òkun mìíràn fún títà láti ọdún 1989, àwọn obìnrin ni wọ́n pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà; èyí tí wọ́n sá sórí iyanrìn máa ń ní ìdọ̀tí, èyí tí òjò sì pa nígbà tí ó ń gbẹ lọ́wọ́ kì í níye lórí mọ́. Àwọn tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí etí ọ̀nà títì yóò gbọ́ ohun tí à ń wí.

A fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan sí àárín yìí. Láti ọdún 2011 ni koríko òkun aláwọ̀ ilẹ̀ kan, sargassum, ti ń wọ́ gba etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní òkìtì òkìtì, tí ó sì ń dí ọ̀nà mọ́ àwọn apẹja. Òun náà ní ohun dídì tirẹ̀ nínú, ṣùgbọ́n kì í ṣe agar. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè ṣà á ní etíkun kí òun sì sè é jẹ, nítorí oró kan tí a ń pè ní arsenic máa ń pọ̀ nínú rẹ̀.

Nísinsìnyí a dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wá lára jù. Bí a ti ń lọ kí àwọn ará ní ilé wọn ní Ìkirè, a rí ọmọ kan tí ó ti pé oṣù mẹ́wàá, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ obìnrin aláápọn tí ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹ̀kọ mímu ni ó ń fún ọmọ náà ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Ọmọ náà ń mu ún yó, ikùn rẹ̀ ń ga, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ dàbí igi ìgbálẹ̀, irun rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Ìyá náà sọkún lójú wa. Ó ní ògì òun dára, gbogbo àdúgbò ni ó ń yìn ín, pé ẹ̀kúnwọ́ kan rẹ̀ lè kún ìkòkò. Nọ́ọ̀sì tí a jọ lọ mi orí. Ó ní, "Ìyá, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn wà."

Ẹ kíyèsí i. Ohun tí ẹlẹ́kọ ń yìn lára ògì ni pé ó ń mu omi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ikùn ọmọ oṣù mẹ́jọ kò gbà ju nǹkan bí ife kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀kọ bá ti ki, ọmọ kò lè gbé e mì. Ìyá yóò bu omi sí i títí yóò fi ṣàn, nígbà náà ohun tí ó wà nínú ife náà fẹ́rẹ̀ jẹ́ omi nìkan. Ọmọ yó, kò jẹun. Lẹ́yìn èyí, nígbà tí a sẹ́ ògì ni púpọ̀ nínú ohun tí ń kọ́ ara, èyí tí kò ju nǹkan bí 9 tàbí 10 lọ nínú 100 nínú àgbàdo tẹ́lẹ̀, ti bá èérí àti omi lọ. Ewúrẹ́ ilé ń sanra, ọmọ ilé ń rù.

Ohun tí nọ́ọ̀sì náà fi hàn wá nìyí, a sì fi ojú wa rí i. A rẹ àgbàdo mímọ́ fún ọjọ́ kan, a tẹ́ ẹ sábẹ́ ewé tútù fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi hù, a sá a gbẹ, a fi ọwọ́ ra ọmú àti gbòǹgbò rẹ̀ kúrò, a sì lọ̀ ọ́ kúnná. Àwọn tí wọ́n mọ bí a ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti ń rẹ́rìn-ín, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ọtí kọ́ ni à ń pọn. A se ẹ̀kọ tí ó ki dáadáa, tí ṣíbí lè dúró nínú rẹ̀. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ó rọlẹ̀ díẹ̀, nítorí bí ó bá ń hó, agbára ìyẹ̀fun náà yóò kú. A wá bu ṣíbí kékeré kan ìyẹ̀fun náà sí i, a rò ó. Láìpẹ́, kí a tó sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀kọ tí ó ki ti ń ṣàn níwájú wa, láìsí ẹ̀kán omi kan tí a fi kún un. Ohun kan wà nínú hóró tí ó ń hù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gé okùn sítáàṣì kí ọ̀gbìn lè rí oúnjẹ jẹ. Òun ni ó gé ti inú ìkòkò. A tún gbé e ka iná kí ó hó díẹ̀ nítorí kòkòrò àrùn, ọmọ sì mu ún. Ife náà kan náà ni, ṣùgbọ́n oúnjẹ inú rẹ̀ ti pọ̀ ju ti àná lọ fíìfíì. Bí ó bá jẹ́ ọkà bàbà ni ẹ fẹ́ lò, ẹ rí i dájú pé ẹ yọ gbogbo ọmú rẹ̀ kúrò, nítorí oró wà nínú ọmú ọkà bàbà. Àwa fẹ́ràn àgbàdo nítorí èyí.

Ìyẹn nìkan kò tó. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ ní Oṣòdì, tí a dá sílẹ̀ ní 1956, ti fi hàn pé a lè pò ẹ̀wà sóyà mọ́ ògì. Ẹ kọ́kọ́ se sóyà náà tàbí kí ẹ yan án kí ẹ tó lọ̀ ọ́, nítorí tútù rẹ̀ kò dá ní inú. Edé lílọ̀, ẹ̀pà, ẹyin, ohun tí ọwọ́ bá tó. Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, ọyàn nìkan ni àwọn onímọ̀ ìlera ní kí a fún un. Àwọn ìyá àgbà kan kì yóò fẹ́ gbọ́ èyí, àwa náà ti gba ìbáwí lọ́dọ̀ wọn. A tún un sọ.

Nígbà tí a tún kọjá ní Ìkirè lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ọmọ náà ń rá kiri, ó sì gba ìwé ọwọ́ wa ya. Ohun tí ìyá rẹ̀ bi wá ni bí òun yóò ti pa ìyẹ̀fun náà mọ́ kí ó má baà bu ní ìgbà òjò. A bi nọ́ọ̀sì náà. Ó ní kí a sá àgbàdo tí ó hù náà títí yóò fi ń dún káká lábẹ́ eyín, kí a lọ̀ díẹ̀ díẹ̀, kí a kó o sínú ìgò gbígbẹ tí ó ní ìdérí, kí a má sì lo èyíkéyìí tí ó bá ti bu, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.